Àwọ̀ Kárọ́ọ̀tì Nínú Áìsìkiríìmù Màmá

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta

Ọ̀gá kíṣìnnì ọsibítù fúnra rẹ̀ ló wá lónìí, kò rán ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí obìnrin yẹn kì í fi kíṣìnnì rẹ̀ sílẹ̀ rìn. Ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún lọ, oúnjẹ tó bá ní àwọ̀ inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà kò gbọdọ̀ wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé mọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn máa ń lé tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Tí a bá fẹ́ máa ta áìsìkiríìmù fún wọn lọ, kí á wá àwọ̀ tó ti ara ohun jíjẹ wá. "Ṣùgbọ́n kó má funfun o," ó ní. "Àwọn ọmọ yẹn kì í jẹ èyí tó bá funfun, wọ́n ní oògùn ni."

Màmá, ìyá ọkọ mi, rẹ́rìn-ín. Áìsìkiríìmù pupa rúsúrúsú ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lẹ́yìn wọn. Yẹ́lò Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní ẹni tó bá rí àwọ̀ mìíràn tó dà bíi tàwọn, kó mú un wá kí àwọn wò ó. Wíwò yẹn, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni. Wọ́n á gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, ike kankan kò jáde lọ sọ́dọ̀ oníbàárà láìgba àṣẹ níbi fèrèsé yẹn.

Mo kàn gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò." Èmi tí n kò tíì fọ abọ́ tán. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tí ọsibítù bá lọ, ká yáa máa sá aṣọ sórí fíríìsà kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti lọ ni mo ti ń rò ó: kí ló wà nínú kárọ́ọ̀tì gan-an tó fi pupa bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ tí kò sí oòrùn ló ń gbé?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo se kárọ́ọ̀tì, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo da omi rẹ̀ sínú mílíìkì. Ó yọrí sí ohun tó jọ omi tí àwọn tó ń kun ilé fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dì tán, yìnyín inú rẹ̀ ń ró lẹ́nu bí ẹni ń rún òkúta. Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ mi tó ń tajà lójú fèrèsé iwájú, tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ìyàwó wa, iyọ̀ nìkan ló kù." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ṣá o. Omi tí mo fi se kárọ́ọ̀tì, àwọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mo dín díẹ̀ nínú kárọ́ọ̀tì náà fún oúnjẹ ọ̀sán, òróró ìdí páànù sì ti pọ́n. Mo fi ìka kàn án, ìka mi náà pọ́n. Kí ló dé tí àwọ̀ yìí ń sá fún omi, tó sì ń bá òróró lọ?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bọ́tà ni.

Mo rin kárọ́ọ̀tì kúnná títí irin fi kan èékánná mi. Mo yọ́ bọ́tà lórí iná tí kò le, mo dà á sí i, mo ń rò ó. Kò pẹ́ tí bọ́tà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bó sì ti ń pọ́n ni kárọ́ọ̀tì ń ṣá. Mo sẹ́ ẹ sínú ìgò, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara, ó pupa bí inú ẹyin. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ìbejì mi wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ṣé àwọn lè padà síbi eré àwọn.

Àwọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ ọ̀rá ni. Ọkọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe, tó sì fẹ́ràn ìwé jù mí lọ, wá a lórí fóònù. Ó ní kárótíìnì ni wọ́n ń pè é, pé òun náà ló wà nínú máńgòrò, nínú ìbẹ́pẹ, nínú elégédé. Ó ní inú ewé tútù pàápàá kún fún un, àwọ̀ ewé ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Mo wo ẹ̀fọ́ orí tábìlì títí. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a kò rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọkọ mi ní ṣebí nǹkan yìí pọ̀ nínú epo pupa ju inú kárọ́ọ̀tì lọ, kí ló dé tí mo ń dá ara mi lóró. Mo fi ṣíbí kan dán an wò kó lè sinmi. Àwọ̀ rẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá ti dénú ẹnu báyìí, ojú ẹni á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ata àti ẹja. Òun náà ló jẹ ẹ́ tán, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ooru ọ̀sẹ̀ yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Iná lọ láti àárọ̀, ọkọ mi ń sáré láti ìdí jẹnẹrétọ̀ dé ìdí fíríìsà. Kárọ́ọ̀tì ti wọ́n sí i. Obìnrin tó ń tà á fún mi ní òjò tí kò rọ̀ ló fà á, ó sì wo ojú ọ̀run bí ẹni pé èmi ni mo ti òjò náà mọ́lé.

Ìgò bọ́tà méjì ni mo ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èkejì, mo gbé e sójú fèrèsé kí n lè máa wò ó bí mo bá ń ṣiṣẹ́, nítorí ó wù mí. Lónìí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù kò yí padà. Ti ojú fèrèsé ti ṣá, ó ti di ọ̀rá lásán. Oòrùn ń jẹ ẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e síbi tó ti máa bàjẹ́. Láti òní lọ, aṣọ dúdú ni n ó máa fi wé ìgò.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ike kíkún àkọ́kọ́. Ṣúgà kan náà, fanílà kan náà, mílíìkì kan náà pẹ̀lú ti àtẹ̀yìnwá. Bọ́tà kárọ́ọ̀tì nìkan ló rọ́pò àwọ̀ inú ìgò. Lójú mi, ó dà bí ẹyin tí a pò mọ́ mílíìkì, ó tutù lójú, ó wù mí í jẹ.

Màmá gbé ife lọ sójú fèrèsé. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ó funfun."

Wọ́n tọ́ ọ wò. "Kò sì dùn. Ṣúgà dà?"

Mo ní, "Màmá, ṣúgà yẹn pé o."

"Ìyàwó mi, ahọ́n mi yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

Mo gbé ike náà padà sínú fíríìsà. Mo tún ṣúgà wọ̀n ní ìkọ̀kọ̀ bí ẹni tó jalè. Ó pé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn kò jẹ́ kí n jókòó. Mo bu áìsìkiríìmù láti inú ike kan náà sí ife méjì. Mo kán bọ́tà kárọ́ọ̀tì díẹ̀ sí ọ̀kan, mo rò ó pọ̀, ó pọ́n ju ìkejì lọ. Mo gbé méjèèjì sọ́dọ̀ Eyínfúnjowó, mo ní kó máa bi àwọn tó ń rajà pé èwo ló dùn jù. Télọ̀ òdìkejì wa ní èyí tó pọ́n ni. Ìyàwó oníbàtà ní èyí tó pọ́n ni. Olùkọ́ kan tó wọ gíláàsì ní kò sí àní-àní níbẹ̀, pé ẹni tó ṣe ìkejì ń fi ṣúgà ṣahun. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ di ẹnu kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹ̀rín mi.

Lọ́sàn-án, mo fi ìborùn di ojú ọkọ mi, mo fi méjèèjì sí i lẹ́nu. Ó tọ́ wọn wò, ó tún wọn tọ́ wò. Ó ní ìkan náà ni, kí ni mo fẹ́ kí òun sọ gan-an? Mo kàn ń wò ó. Ṣé gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ pé nǹkan dùn láyé mi, ojú mi ló ń bá mi jẹ ẹ́? Mo fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ahọ́n parí sí, tí iṣẹ́ ojú ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá kò purọ́ nígbà náà. Lẹ́nu tiwọn, kò dùn lóòótọ́. Àfi kó pọ́n kó tó lè dùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo fi bọ́tà kárọ́ọ̀tì kún un. Màmá ní ó funfun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo tún fi kún un. Màmá ní ó funfun.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Òjò rọ̀ níkẹyìn, gbogbo ilé ń rùn eruku tútù. Kò sí iṣẹ́. Kárọ́ọ̀tì tí mo ti sẹ́ bọ́tà kúrò lára rẹ̀ ti pọ̀ nínú fíríìjì, n kò sì lè da oúnjẹ nù. Àwọn ìbejì ti ní tí àwọn bá tún rí i lórí tábìlì, àwọn á kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Bọ́tà tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ dùn. N kò lè sọ pé ó ti sú mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé oṣù karùn-ún ń bọ̀, Màmá kò sì tíì gbà. Láìjẹ́ pé wọ́n gbà, kò sí ohun tí a máa gbé lọ sí ọsibítù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin

Màmá gbà lánàá. Mo ti kó bọ́tà kárọ́ọ̀tì sí i débi tí àwọ̀ rẹ̀ ń ta mí lójú. Wọ́n gbé e sókè, ojú wọn tàn. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni mò ń wí." Wọ́n ní ó dùn. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ọkọ mi gbé ike kan lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè tọ́ ọ wò.

Ó gbé e padà wá lónìí. Ọ̀gá kíṣìnnì ní àwọn ọmọ bi òun bóyá ata ló wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bu díẹ̀, ó ní ó ń rùn kárọ́ọ̀tì. Ọ̀gá kíṣìnnì ní kí á má bínú, pé ohun tí òun bèèrè fún ni àwọ̀ tó wu ọmọ.

Mo jókòó sórí àpótí, mo fi ọwọ́ lẹ́rán. Eyínfúnjowó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí gbá ike náà. Ó ní, "Kì í ṣe tòní náà o. Àwọn oníbàárà àtijọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Yẹ́lò Màmá ń pọ́n sí i lọ́dọọdún. Mo rò pé ìwọ lò ń fi kún un."

"Èmi? Èmi rò pé ìwọ ni."

A wo ara wa.

Ajé, ọjọ́ keje

Mo ti rò ó, mo ti tún un rò. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé yìí, ṣíbí tíì ni a fi ń wọn àwọ̀ inú ìgò. Lónìí, ṣíbí ọbẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Màmá á kàn gbé ife sókè lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ẹ fi díẹ̀ sí i." A ó sì fi díẹ̀ sí i.

Mo wá ń ṣọ́ wọn. Àárọ̀ yìí, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kí n bá wọn ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n ní ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n. Lọ́sàn-án, wọ́n kí ère tí télọ̀ ń wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì bínú wọlé pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dé inú kíṣìnnì, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú mi.

Kì í ṣe áìsìkiríìmù ló funfun. Ojú Màmá ni.

Ó dùn mí gan-an. Obìnrin tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ife. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú èyí?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ń tú fíríìjì kan, kò tètè gbé orí sókè. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló máa wá sọ fún wọn?" Mo ní òun ni, ṣebí ìyá rẹ̀ ni. Ó ní obìnrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. A pe Eyínfúnjowó. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, Màmá á ní òun fẹ́ lé wọn nídìí iṣẹ́ kí òun lè jókòó síbẹ̀, pé ẹnu ìyàwó ló máa gbà á. Mo ní ìyàwó tó bá sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kò ríran mọ́, ilé ta ló fẹ́ sùn? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbá a síra wa bíi bọ́ọ̀lù títí Màmá fi wọlé, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ooru.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe é lónìí. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa.

Mo gbé ife mẹ́ta sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Àkọ́kọ́, mílíìkì lásán, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Èkejì, irú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe tí Màmá kọ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọsibítù dá padà. Mo ní kí Màmá bá mi tò wọ́n láti orí èyí tó funfun jù dé èyí tó pọ́n jù. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀kẹta, wọ́n ní èyí ló dára. Wọ́n wá gbé àwọn méjì tó kù sókè, wọ́n pààrọ̀ wọn sọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ní, "Ìkan náà ni méjèèjì. Funfun ni wọ́n. Kí ni ká tò níbẹ̀?"

Eyínfúnjowó wà lẹ́nu ọ̀nà, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sọ nǹkan kan. Màmá gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́.

"Wọn kì í ṣe ìkan náà, àbí?"

"Rárá, mà."

Wọ́n gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n fọwọ́ wá etí tábìlì kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Wọ́n jókòó. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ojú mi. Mo rò pé àwọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ tí mo lè mọ̀. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ jáde, ẹ ó gba ife lọ́wọ́ mi. Kí ni mo wá ń ṣe nínú ilé yìí nígbà náà?"

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo ní kò sẹ́ni tó máa gba ife. Wọ́n ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù." Mo sunkún nígbà tí mo dé yàrá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màmá kò jáde kúrò ní yàrá. A kò ṣe áìsìkiríìmù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọkọ mi gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó tan iná tóńtó kan sí wọn lójú. Ó ní dígí tí Ọlọ́run dá sínú ojú ló ti ṣú, tó sì ti pọ́n bí ike tó ti gbó. Ẹni tó bá ń wo ayé láti inú dígí tó pọ́n, àwọ̀ yẹ́lò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i, ó máa ń dà bíi funfun ni. Mo fẹ́ kó tún un sọ. Mo bi í léèrè títí ọkọ mi fi fẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ àga. Ó ní wọ́n lè yọ dígí náà kí wọ́n fi tuntun sí i, pé ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe.

Màmá bi í pé, "Dókítà, kárọ́ọ̀tì ńkọ́? Wọ́n ní ó dára fún ojú." Dókítà ní ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fọ irú dígí yìí. Màmá yíjú sí mi. "O ò rí i? Gbogbo ohun tí ò ń dín nínú ilé mi látọjọ́ yìí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ Ajé. Ara tù mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ṣe é láàárọ̀. Kò tilẹ̀ pẹ́. Màmá jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú, wọ́n ń ṣàròyé pé dókítà náà ń kọrin nígbà tó ń ṣiṣẹ́, orin náà kò sì dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n ti tú báńdéèjì. Màmá ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Wọ́n bi wá pé ìgbà wo ni a kun ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní búlúù. A ní búlúù ló ti wà tipẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n fọwọ́ ra ògiri kíṣìnnì, wọ́n sì rí èéfín tó wà lókè ibẹ̀. Mo ti mọ̀ pé n kò ní sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí.

Mo fẹ́ gbé ife lọ bá wọn, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á bèèrè fúnra wọn. Ọjọ́ ọsibítù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kò wá lójú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n bèèrè. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n ní, "Gbé nǹkan yín wá."

Ife méjì ni mo gbé wá. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọ̀ inú ìgò, bí Màmá ṣe ní kí á máa ṣe é lọ́dún yìí. Èkejì jẹ́ tèmi, ìwọ̀n bọ́tà kárọ́ọ̀tì ti ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Màmá gbé ti inú ìgò sókè sójú fèrèsé. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún gbé e sókè.

"Kí lèyí?"

"Tiyín ni, mà."

"Èyí ni mò ń gbé fún ọmọ ọlọ́mọ?" Wọn kò bínú. Ohùn wọn kàn rẹlẹ̀. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó rí aṣọ tí òun wọ̀ lọ sóde láìmọ̀ pé ó ti ya lẹ́yìn.

Wọ́n wá gbé tèmi. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bọ́ sínú ife náà, ó sì dára lójú mi, n kò ní tan ara mi jẹ. Mo na ọwọ́ láti gba ti inú ìgò lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè ráyè gbá ṣíbí mú. Màmá kò gbé e fún mi. Wọ́n gbé ife méjèèjì sílẹ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè.

"Kí ló ṣe ẹ́ lọ́wọ́?"

Mo wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ mi pupa rúsúrúsú bí bọ́tà kárọ́ọ̀tì. Mo wo ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo bọ́ bàtà, mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo sì jókòó. Ìgbà wo? N kò mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀. Mo ń fi ọwọ́ yìí gbé ife lójoojúmọ́, mo ń ṣọ́ àwọ̀ inú ife bí olóńgbò ṣe ń ṣọ́ eku, n kò rí ọwọ́ tó gbé e dání. Ọkọ mi kò rí i. Eyínfúnjowó, tó máa ń rí i bí mo bá fi ṣíbí kan bu jù, kò rí i.

Màmá ní, "Ibà pọ́njú ni." Wọ́n ti dìde, wọ́n ń wá gèlè wọn, wọ́n ń pe ọkọ mi. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kò sí ibi tó ń dùn mí. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Ọ̀nà ọsibítù ni a gbà lọ, áìsìkiríìmù sì ń yọ́ lójú fèrèsé.

Dókítà ibẹ̀ wo funfun ojú mi, ó ní ó mọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ibà pọ́njú ni, ibẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n. Ó bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Mo sọ fún un. Ó bi mí pé báwo ló ṣe pọ̀ tó. Mo sọ fún un, ó sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kárótíìnì inú kárọ́ọ̀tì tí mo jẹ pọ̀ jù ló sá lọ sínú ọ̀rá abẹ́ awọ ara mi. Kò léwu, bí mo bá dẹwọ́ á lọ fúnra rẹ̀. Inú èmi alára dùn sí i, mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tó jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ló yàn. Ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tún un sọ pé kò léwu. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún

Ọkọ̀ ọsibítù dé láàárọ̀. Èmi àti Eyínfúnjowó ti ṣe ike tuntun lánàá, ìwọ̀n ti ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni. Ọkọ mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ìgbà náà ni gbogbo wa rántí pé Màmá kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Wọ́n jókòó sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Wọ́n ti ní kí n wá jókòó ti àwọn, ọwọ́ mi sì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìka kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń mọ́.

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ wá bá wa wo eléyìí, wọ́n ń dúró."

Wọn kò gbé ojú sókè. "Bi ìyàwó mi. Ṣé kì í ṣe òun ló ṣe é?"

Ọkọ mi wò mí. Eyínfúnjowó náà wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, kò sẹ́ni tó tíì bi ẹlòmíràn bóyá ike lè jáde. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin kò tíì wò ó."

"Mo ń wo nǹkan mìíràn." Wọ́n fi àtàǹpàkò ra àárín àtẹ́lẹwọ́ mi. "Gbogbo ìgbà tó o fi ń gbé ife wá bá mi níbí, mo kàn ń sọ fún ẹ pé ó funfun, ó funfun. O sì dúró síbẹ̀. Mi ò wo ẹni tó gbé e dání rí."

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní kó gbé ike náà lọ. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé, mo gbọ́ tó lọ. Màmá ní kí n gbé ọwọ́ kejì wá.